Nọ́ńbà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pa

Lálẹ́ ọjọ́ tí yìnyín dá òpó náà sí méjì
lẹ́yìn ibi ìwakùsà ní Flin Flon,
èmi àti Bàbá ń sọ̀rọ̀ kòkó Ìfẹ́tẹ̀dó.
Ó ní, "Wọ́n ti gbówó lé e, Ìbídùnní, mo sì—"
Ó kù díẹ̀ kó parí gbólóhùn náà.
Ó kù díẹ̀ náà ló wà.

Ọjọ́ kìíní, mo ní ojú ọjọ́ ni.
Ọjọ́ kẹta, mo yọ síìmù, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i,
mo fi etí yẹ̀rì nù ún, mo dá a padà.
Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé mi náà, òpó yẹn ló rọ̀ mọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, mo gun àpáta ẹ̀yìn ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́,
mo na fóònù sókè, òtútù ń bù mí ní ìka jẹ.
Ìlà kan ṣoṣo yọjú,
ó wò mí, ó wọlé padà bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn.

Bíìlì nìkan ni kì í sọnù lọ́nà.
Dọ́là mọ́kàndínláàádọ́rin lóṣooṣù
fún ọ̀rọ̀ tí n kò sọ.

Ọjọ́ kẹtàdínláàádọ́ta, mo tọrọ fóònù orí tábìlì ọ́fíìsì,
èyí tí kì í pe òkè òkun.
Ẹ̀rọ ní kí n tẹ ení, mo tẹ ení.
Ó ní kí n tẹ èjì, mo tẹ èjì.
Orin dùùrù kan náà, ìgbà mẹ́rìnlá.
Ìyá Halvorsen ti hun ìbọ̀sẹ̀ dé gìgísẹ̀
kí ọmọkùnrin kan tó dáhùn, Tyler lorúkọ rẹ̀,
ó ní báwo lara mi lónìí.

Mo ní, Tyler, ara le, òpó ni kò le.
Ó ní ẹnjinía ń bọ̀.
Mo ní láti oṣù kìíní,
ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ láti Winnipeg ni?
Ó ní àdéhùn ku oṣù mọ́kànlá,
bí mo bá já a, màá san igba dọ́là ó lé ogún.
Mo ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú:
ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ já a.
Ẹni tó yá mi ní agbòjò aláìláṣọ
kò lè gbowó òjò lọ́wọ́ mi.
Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Dùùrù tún bẹ̀rẹ̀.

Ó padà dé. Wọ́n ti fagi lé ìtanràn.
"Ṣé kí n pa nọ́ńbà náà báyìí?"

Ẹnu mi wúwo.
Nọ́ńbà yẹn, Bàbá mọ̀ ọ́n lórí.
Ojú ti ń ṣú u láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn,
ìka ló fi ń wá mi kiri lórí bọ́tìnnì:
èjì, òdo, ẹ̀rin, títí dé ìparí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ ọ.
"Màdáámù, ṣé ẹ ṣì wà lórí ìlà?"
Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́bọ̀ mo wa ọkọ̀ ogóje kìlómítà lọ sí The Pas.
Ní ilé epo, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò mi:
ohùn Bàbá, ìgbà mọ́kàndínlógún.
"Ṣé o ń gbọ́ mi?" "Ṣé o ń gbọ́?" Ikọ́.
Adìẹ ń ké. "Bóyá ó ń sùn."
Èyí tó kẹ́yìn kò bi mí ní nǹkan kan:
"Mo sì ta àpò mẹ́rin, mo fi ra páànù.
Mo kàn ní kí n parí ọ̀rọ̀ mi ni."

Mo pè é. Mo ní nọ́ńbà yẹn máa kú lọ́la,
wọ́n máa fa wáyà wọ yàrá mi lọ́jọ́ Ajé.
Ó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tó ń wọ́ àga.
"Ó dáa. Ka tuntun náà sí mi létí. Má kánjú.
Èwo ló ṣáájú?"
Mo ní, èjì.
"Èjì," ó ní. "Ìyẹn ò yí padà."